ẸNI TÍ Ó BÁ DÁKẸ́, TARA RẸ̀ Á BÁ A DÁKẸ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Dídúró Ti Ọmọ Tí Ó Sọ̀rọ̀ Jáde

Ibi kíkà: 2 Samuẹli 13:1–22, Òwe 31:8–9, Luku 18:1–8

Ìdí ẹ̀kọ́: Kí àwa ìyá lè mọ ohun tí ó yẹ kí Yunifásítì ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ẹjọ́ sùn pé ẹnìkan fi ìbálòpọ̀ yọ òun lẹ́nu, àti kí a mọ bí a ó ti dúró tì í títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Láti Òṣogbo dé Iléṣà, bóyá ni a fi lè rí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ wa tí kò ní ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ àwọn kan wà ní Ifẹ̀. Ti àwọn mìíràn wà ní UNIOSUN, yálà ní Òṣogbo tàbí ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Àwọn kan wà ní Yunifásítì Iléṣà, àwọn kan sì wà ní Wesley University ní Oǹdó, tí í ṣe ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fúnra rẹ̀. A ta iṣu, a ta aṣọ, a dá èsúsú, kí ọmọ lè rí owó ilé ẹ̀kọ́ san. Nígbà tí ọmọ bá sì wọ mọ́tò lọ, a ó gbàdúrà fún un, a ó wí pé kí ó ranti ọmọ ẹni tí í ṣe.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa. Bí ọmọ náà bá padà dé, tí ó jókòó tì wá ní ìdáná, tí ó wí pé, “Mọ́mì, olùkọ́ kan ní bí n kò bá wá bá òun sùn, n kò ní yege,” kí ni a ó sọ?

A ó jẹ́wọ́ ohun kan fún yín kí a tó máa kọ́ ara wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó gbé wá. Olùkọ́ kan ti di èsì ìdánwò rẹ̀ mú, ó sì ń sọ ibi tí ó fẹ́ kí àwọn ti pàdé lálẹ́. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, “Irú aṣọ wo ni o máa ń wọ̀ lọ sí kíláàsì?” Lẹ́yìn náà a ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ìyá rẹ̀ sì wá ọ̀nà lọ bẹ olùkọ́ náà. A ní kí ó má ṣe sọ ọ́ fún ẹlòmíràn kí orúkọ ìdílé wọn má bàa bàjẹ́. Ọmọ náà tún ọdún ṣe, kò sì pẹ́ tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ń ṣòwò báyìí. Bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, á kúnlẹ̀ kí wa, á tún fi ènì sí ọjà wa. Kò bínú sí wa. Èyí gan-an ni ó ń dùn wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwa wà lọ́jà, orí ọmọ náà sì wọ́.

Nítorí náà ni a ṣe yan ẹ̀kọ́ yìí. A kò kọ ọ́ láti bá ẹnikẹ́ni wí ju ara wa lọ.

1. TÁMÁRÌ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó YÍ I KÁ

Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn Támárì láìsáré. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ pé Amnoni ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn yòókù pẹ̀lú.

Jonadabu ni ó dá ọgbọ́n rẹ̀. Dáfídì bàbá wọn gbọ́, ó bínú gidigidi, ṣùgbọ́n Bíbélì kò sọ pé ó ṣe ohunkóhun sí i. Absalomu fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ó sọ fún un ni pé kí ó dákẹ́, kí ó má ṣe gbé e sọ́kàn, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ẹni tí ó ṣe é. Támárì kò sì dákẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ fún un, ó fi ọ̀rọ̀ òye yé e. Nígbà tí ó ti ṣẹlẹ̀ tán, ó da eérú sórí, ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sì ń ké lọ ní gbangba. Àwọn ará ilé ni wọ́n pa á lẹ́nu mọ́.

Kí ni dídákẹ́ náà bí? Lẹ́yìn ọdún méjì Absalomu pa Amnoni, lẹ́yìn náà ogun wọ ilé Dáfídì. Orúkọ ìdílé tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò ni ó wá bàjẹ́ jù lọ. Támárì sì wà ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ahoro, a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.

Nínú ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣì wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Aláṣẹ tí ó bínú ṣùgbọ́n tí kò ṣe nǹkan kan wà níbẹ̀. Àwa ará ilé tí a fẹ́ràn ọmọ, ṣùgbọ́n tí a ní kí ó dákẹ́, a wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

2. Ẹjọ́ TÍ WỌ́N DÁ NÍ ÒṢOGBO

Àwọn kan máa ń wí pé kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ báyìí lè já sí. Ẹ̀rí tí ó wà nítòsí wa fi hàn pé ó lè já síbì kan.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù tàn káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akindele ni, tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò owó ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ń bá ọmọbìnrin kan tí ó ń kàwé gboyè MBA sọ̀rọ̀, ó sì ń béèrè pé kí ó wá bá òun lòpọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún kí òun tó lè tún máàkì rẹ̀ ṣe. Ọmọbìnrin náà ni ó gba ohùn náà sílẹ̀.

Yunifásítì náà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ó dá olùkọ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ ná. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ tán, ní oṣù Kẹfà ọdún 2018 kan náà, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí síbẹ̀. ICPC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo níhìn-ín. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, 2018, Adájọ́ Maureen Onyetenu ní kí ó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méjì.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, òfin tí wọ́n fi mú un kì í ṣe òfin tuntun. Òfin ọdún 2000 lórí ìwà jẹgúdújẹrá ni. Ẹni tí ó fi ipò rẹ̀ béèrè ìbálòpọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ipò rẹ̀ béèrè rìbá. Èkejì, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ̀kẹta, ọmọ náà jìyà kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Wọ́n gbé orúkọ àti àwòrán rẹ̀ kiri bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀. A kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín. Bí ìgboyà rẹ̀ ti tó, ó yẹ kí ààbò tí ó rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, 2019, ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé fíìmù kan jáde lórí irú ìwà yìí ní Yunifásítì Èkó àti ní Yunifásítì Ghana. Kiki Mordi, oníròyìn obìnrin tí ó ṣe iṣẹ́ náà, sọ pé òun fúnra òun kò parí Yunifásítì nítorí olùkọ́ tí ó ń yọ òun lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi hàn nínú fíìmù náà jẹ́ pásítọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí yẹ̀ wò, nítorí àwa obìnrin ìjọ a máa tètè wí pé, “Ẹni Ọlọ́run ni, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.” Ní ọdún 2021, Yunifásítì Èkó lé méjì nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn fíìmù náà, Sẹ́nétọ̀ Ovie Omo-Agege tún gbé àbá òfin kan dìde lórí ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, 2020. Ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 14 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì, ASUU, ta ko àbá náà, wọ́n ní òfin tí ó wà nílẹ̀ ti tó, àti pé Yunifásítì ní ẹ̀tọ́ láti bójú tó ilé ara rẹ̀. Àbá náà kò di òfin ní sáà ilé aṣòfin náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí a ní kí Yunifásítì bójú tó ilé ara rẹ̀, ó yẹ kí àwa ìyá mọ bí ilé tí a bójú tó dáradára ṣe ń rí.

3. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ YUNIFÁSÍTÌ ṢE FÚN ẸNI TÍ Ó FI ẸJỌ́ SÙN

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ kí ọmọ lè sọ̀rọ̀ yóò ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín, nítorí a ó fi wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa.

(i) Ìlànà tí a kọ sílẹ̀. Kí ó wà nínú ìwé tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, kí ó sọ ohun tí í ṣe ìyọlẹ́nu ìbálòpọ̀, ẹni tí a ó lọ bá, àti ìyà tí ó wà fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

(ii) Ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ. Bí ó bá jẹ́ pé olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nìkan ni ọmọ lè lọ bá, tí ó sì jẹ́ pé olórí ẹ̀ka náà ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, níbo ni yóò gbà? Ọmọ gbọ́dọ̀ lè lọ bá Díìnì tí ń mójú tó ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́, tàbí àwọn olùdámọ̀ràn, tàbí ọ́fíìsì Gíwá. Ní Ifẹ̀, ilé iṣẹ́ kan wà nínú Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀ràn tọkùnrin tobìnrin, Centre for Gender and Social Policy Studies.

(iii) Àṣírí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ náà. Òfin ICPC pàápàá, ní abala 64, dáàbò bo orúkọ ẹni tí ó bá mú ìròyìn wá.

(iv) Ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀san. Èyí ni ẹ̀rù tí ó tóbi jù lọ lọ́kàn ọmọ. Ó mọ̀ pé olùkọ́ náà ni yóò tún máàkì ìdánwò òun tí ń bọ̀, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń kọ́ni ní kọ́ọ̀sì kejì. Nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìdánwò rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ náà, kí olùkọ́ mìíràn máàkì rẹ̀, nígbà mìíràn kí ó jẹ́ láti òde. Bí olùkọ́ náà bá ni alábòójútó prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí wọ́n yí i padà. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ni ó yẹ kí wọ́n mú kúrò níbi tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti ń pàdé. Kò yẹ kí ó jẹ́ ọmọ náà ni yóò máa sá káàkiri.

(v) Ìtọ́jú. Kí olùdámọ̀ràn bá a sọ̀rọ̀, kí dókítà tọ́jú rẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá lélẹ̀ láti ṣe ìdánwò, kí wọ́n fún un ní àyè láti ṣe é nígbà mìíràn láìsan owó ọdún mìíràn.

(vi) Ọjọ́ tí a dá àti èsì lórí ìwé. Kí wọ́n sọ ìgbà tí ìwádìí yóò parí, kí wọ́n sì fún ọmọ náà ní èsì rẹ̀. Ẹjọ́ tí kò ní ọjọ́, wọ́n ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kàwé tán kí ó máa lọ ni.

(vii) Ẹ̀tọ́ fún ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn. Àwọn baba wa ní a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí wọ́n pè é, kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ó rí ẹ̀rí tí a mú wá. Olùkọ́ rere pọ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà nínú ìjọ wa. Ìwádìí tí ó tọ́ ni yóò yọ orúkọ wọn kúrò nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a gbọ́ ẹnu méjèèjì kò túmọ̀ sí pé kí a má gbọ́ ti ọmọ rárá.

4. BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀, KÍ NI KÍ A ṢE?

Kí a kọ́kọ́ gbọ́. Kí a jókòó, kí a pa rédíò, kí a jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ tán. Kí a má ṣe béèrè aṣọ tí ó wọ̀. Támárì wọ aṣọ ọmọ ọba aláwọ̀ púpọ̀, aṣọ àwọn wúńdíá, kò sì dí Amnoni lọ́wọ́. Gbólóhùn tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá ni, “Mo gbọ́. O ṣeun tí o sọ fún mi. Ẹ̀bi rẹ kọ́.”

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti fipá bá a lòpọ̀, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Kí ó má tíì wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ tí ó wọ̀. Kí a fi aṣọ náà sínú àpò bébà, kí a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Iléṣà a ní Wesley Guild, tí àwọn baba wa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tí ó ti di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ni OAU. Oògùn wà tí ó lè dènà kòkòrò HIV bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí lò ó kí wákàtí 72 tó pé. Bí ó bá ti tètè yá tó ni ó dára tó. Oògùn tí ó ń dènà oyún wà pẹ̀lú tí a lè lò láàárín ọjọ́ márùn-ún. Kí a tún lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Yunifásítì nìkan lè parí nínú ilé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí ènìyàn, ní àpẹẹrẹ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015. Òfin ti 2015 náà gbà pé wọ́n lè fipá bá ọkùnrin pẹ̀lú lòpọ̀. Nítorí náà kí ẹni tí ó bí ọmọkùnrin má ṣe wí pé ẹ̀kọ́ yìí kò kan òun.

Bí ó bá jẹ́ ìyọlẹ́nu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tàbí ìhalẹ̀, kí a pa ẹ̀rí mọ́. Kí ọmọ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí WhatsApp rẹ́, bí ó ti wù kí ó rí i lára tó. Kí ó kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, sínú ìwé. Kí ó má ṣe dá nìkan lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́ náà mọ́. Lẹ́yìn náà kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn, kí ó ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá dáhùn, ICPC ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo. Àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tí a ń pè ní FIDA sì máa ń ran obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ láìgba owó.

Níhìn-ín ni a ti nílò ẹ̀mí Ìjẹ̀ṣà. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Òṣómàáló. Àwọn baba wa a kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, Ìjẹ̀ṣà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, yóò ní ní òṣó ni òun ó wà títí òun ó fi gba owó òun. Kò ní jà, kò ní bú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni opó inú Luku orí 18 ṣe sí adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ̀tọ́ ọmọ wa jẹ́ gbèsè lọ́rùn ilé ẹ̀kọ́ tí ó gba owó wa. Ẹ jẹ́ kí a lóṣòó tì í. Bí a bá mú ìwé lọ ní oṣù yìí tí wọn kò dáhùn, kí a tún padà lọ ní oṣù tí ń bọ̀. Kí ìyá ọmọ má sì ṣe nìkan lọ. Kí méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú Dáfídì àti Absalomu, ta ni àwa jọ jù nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé ilé wa? Èéṣe?
2. Kí ni ó ń mú kí ọmọbìnrin sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀?
3. Nínú ohun méje tí a kà sílẹ̀ ní apá kẹta, èwo ni a mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wa ní? Báwo ni a ó ṣe mọ àwọn yòókù?
4. Bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa, kí ni a ó ṣe tí a kò fi ní ṣègbè?

IṢẸ́ ṢÍṢE KÍ A TÓ TÚN PÀDÉ

Kí ìyá kọ̀ọ̀kan tí ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí ó wí fún un pé, “Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ lẹ́nu, sọ fún mi. N kò ní bá ọ wí.” Kí ó béèrè bóyá wọ́n fún un ní ìwé ìlànà nígbà tí ó wọlé. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ìyá méjì tí ó ní àyà àti ẹnu tí ń pa àṣírí mọ́, tí àwọn ọmọ lè lọ bá bí wọn kò bá lè bá ìyá tiwọn sọ ọ́.

Ní tiwa, a ti lọ bá ọmọ tí ó ń ṣòwò lọ́jà yẹn. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Mo ní àbúrò obìnrin kan tí ó ń wọlé ní ọdún yìí. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.”

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o gbọ́ igbe Hágárì ní aginjù, dárí jì wá fún àwọn ọmọ tí a pa lẹ́nu mọ́. Fún wa ní etí láti gbọ́, ní ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé wọn, àti ní sùúrù láti dúró títí òdodo yóò fi dé. Pa àwọn ọmọ wa mọ́ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.